Afẹ́fẹ́ Tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọlé

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni ọkọ̀ mi fi ń ṣe ohun kan tí mi ò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni kó yé e. Kò kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ká ní ó kọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn, torí ohun tó bá kú pátápátá kì í ṣòro wá. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ó ń dáhùn. Àmọ́ tí mo bá fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù kó lè gbéra kúrò lójú kan, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò fẹ́ dáhùn, yóò jẹ́ẹ̀kì lẹ́ẹ̀mejì, kó tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ fò síwájú. Nígbà mìíràn yóò wúkọ́ sẹ́yìn gba inú fílítà afẹ́fẹ́, "pọ́ọ̀", bí ẹni tí omi pá lórí.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ọ lójú oorun. Mo lè jókòó síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ pàtàkì, kí ọkàn mi máa rò ó pé ṣé nọ́sù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì ni, àbí pọ́ǹpù epo, àbí wáyà kan ló ti jẹrà níbi tí ojú ò tó. Ẹni tó bá ti ní ọkọ̀ àtijọ́ rí mọ ohun tí mò ń wí.

1981 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, kò sì lo kábúrétọ̀. Bosch L-Jetronic, ètò oníná tí ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ṣe, ló ń bá a pín epo. Àárín èmi àti ẹ̀yà kan nínú L-Jetronic yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Ilẹ̀kùn kan, sípíríǹgì kan

Lọ́dún 1967 ni Bosch gbé D-Jetronic, èyí tó ṣáájú L-Jetronic, jáde, ó sì kọ́kọ́ wà lára Volkswagen 1600 tí wọ́n ń kó lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí òfin èéfín ọkọ̀ ti ń le sí i. Ìyẹn kì í wọn afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fà á tó ló ń wò, á wá fojú bu iye tó wọlé. Nígbà tí L-Jetronic dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1970, wọ́n fi fífojúbù sílẹ̀. L yẹn ni Luft, ìyẹn afẹ́fẹ́ lédè Jámánì. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n sẹ́nu ọ̀nà, kí ohun gbogbo tó bá fẹ́ wọlé kọ́kọ́ kọjá níwájú rẹ̀.

Òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ náà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní air flow, jẹ́ àpótí kékeré tó wà láàárín fílítà àti ọ̀fun rọ́bà tó lọ bá ẹnu tọ́tù. Ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí sípíríǹgì ń tì padà. Bí ẹ́ńjìnì bá ń fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á ti ilẹ̀kùn yìí, bó bá sì ṣe pọ̀ tó ni ilẹ̀kùn máa ṣe ṣí tó. Ìka irin tín-ín-rín kan so mọ́ ọ̀pá tí ilẹ̀kùn fi ń yí. Ìka náà ń rìn lórí ìlà dúdú kan tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe, ibi tó bá sì dúró sí ló fi ń sọ fún bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí epo, pé, "Báyìí ni afẹ́fẹ́ tó kọjá ṣe pọ̀ tó." Bíréènì bọ́ọ̀sì á wá pinnu bí nọ́sù á ṣe ṣí pẹ́ tó. Ìwọ̀n tí gbogbo wọn ń lépa ni afẹ́fẹ́ kìlógíráàmù 14.7 sí epo kìlógíráàmù 1. Tí ẹ bá fẹ́ fi lítà rò ó, lítà epo kan ṣoṣo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi 9,000 lítà. Gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀kùn kékeré yẹn ń kà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ gidigidi. Nínú irú tèmi yìí, ibi tí iná pọ́ǹpù epo ti ń so pọ̀ wà nínú òṣùwọ̀n yìí kan náà. Tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí díẹ̀, pọ́ǹpù á ṣiṣẹ́. Tí ẹ́ńjìnì bá kú, ilẹ̀kùn á padé, pọ́ǹpù á sì dákẹ́, kí epo má baà máa tú jáde bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ẹ yọ fílítà kúrò, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná á tàn láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá fi ìka kan ti ilẹ̀kùn náà. Ẹ ó gbọ́ pọ́ǹpù lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kùn, "wùùù". Ẹ yọ ìka, ó dákẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá kí n tó lè kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ ohun kan ṣoṣo ni ilẹ̀kùn yẹn mọ̀, afẹ́fẹ́ tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Èyí tó bá gba ibòmíràn wọlé, kò sí nínú ìwé rẹ̀. Ẹ́ńjìnì á fà á, kò ní rí epo tó bá a mu, iná inú sílíńdà á sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ dákẹ́, kó jẹ́ẹ̀kì, kó wúkọ́ sẹ́yìn nìyẹn.

Eyín mẹ́ta

Mo ti kọ́kọ́ yẹ ohun tó yẹ ní yíyẹ̀ wò. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti fílítà. Mo so mítà tó ń wọn agbára tí epo fi ń tì mọ́ ọ̀nà epo, 2.5 bar ló gbé jáde, bó ṣe yẹ kó rí. Mo wọn sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ bí omi ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó, torí bí ìyẹn bá ń parọ́, epo á pọ̀ jù tàbí kó dín. Ó fún mi ní bíi 2,500 óòmù nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, ní 20°C, àti bíi 300 nígbà tó gbóná dé 80°C. Kò sí àléébù lára rẹ̀. Mo nu ẹnu gbogbo wáyà tí ọwọ́ mi tó. Mo wo ọ̀fun rọ́bà náà látòkè, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó ti le díẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n mi ò rí ihò kankan. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò so èso, mo yíjú sí òṣùwọ̀n. Bí mo ṣe rò ó nìyí: ọkọ̀ tó ń dákẹ́ kó tó gbéra, epo rẹ̀ kò tó. Ta ló ń sọ iye epo tó yẹ? Òṣùwọ̀n ni. A jẹ́ pé òṣùwọ̀n ń sọ ohun tó kéré sí òótọ́. Títí di òní, mi ò rò pé ìrònú yẹn burú. Lóòótọ́ ni pé kékeré ló ń sọ. Ohun tí mi ò bi ara mi ni bóyá kékeré náà ló rí.

Ìdérí dúdú kan wà lórí àpótí náà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa láti ilé iṣẹ́. Mo fi abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ṣí. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní bí inú aago ọwọ́. Ìka irin yẹn wà níbẹ̀, ìlà kábọ́ọ̀nù tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín wínníwínní kan sì wà tí sípíríǹgì wé mọ́, pẹ̀lú irin kan tó há sáàárín eyín méjì kó má baà yí fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá yí i, ó ti yí ìwọ̀n epo ẹ́ńjìnì náà padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí èèyàn bá dẹ sípíríǹgì, afẹ́fẹ́ tí kò yàtọ̀ sí ti àná á ti ilẹ̀kùn jìnnà ju ti àná lọ, bíréènì bọ́ọ̀sì á gbà pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i, á sì da epo lé e.

Mo mú abẹ́rẹ́, mo fa ìlà tín-ín-rín kan sára kẹ̀kẹ́ náà dé ara àpótí, kí n lè mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà mo dẹ ẹ́ ní eyín mẹ́ta.

Ọkọ̀ náà gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn ó lọ geere. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dín kù débi pé mo ní láti tẹ́tí kí n tó gbọ́ ọ, mo sì sùn dáadáa lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni ìdùnnú náà fi wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn epo tútù nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, ó dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò. Bí mo bá sì fẹ́ gun òkè, tí mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ gan-an, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Àìsàn kan ni mo ní tẹ́lẹ̀. Ó ti di méjì.

Ìdérí ọ́ìlì

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí mo máa ń pè bí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀. Ó ti ń tún irú ọkọ̀ báyìí ṣe láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé ìwé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rò fún un látìbẹ̀rẹ̀, nípa púlọ́ọ̀gì, mítà, sẹ́ńsọ̀, òórùn epo. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ eléyín yẹn nìkan ni mi ò dá. Kì í ṣe pé mo fẹ́ parọ́ fún un. Mo rò pé apá ibẹ̀ ti yanjú ni.

"Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó ti gbóná dáadáa?"

"Ó ti gbóná."

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ṣí ìdérí ọ́ìlì."

Mo mọ ìdí tó fi ní kí n ṣí i. Nínú irú ẹ́ńjìnì yìí, họ́ọ̀sì kan gba inú ẹ́ńjìnì jáde lọ bá ọ̀nà afẹ́fẹ́, lẹ́yìn òṣùwọ̀n, kí èéfín inú lọ́hùn-ún lè rí ibi gbà jáde kó sì jóná. Tí èèyàn bá ṣí ìdérí ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ tí òṣùwọ̀n kò kà á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ́ńjìnì tí ara rẹ̀ dá á ṣe bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ dí nímú. Á gbọ̀n, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, ó tiẹ̀ lè kú.

Mo yí ìdérí náà, mo gbé e kúrò. Ooru ọ́ìlì fẹ́ sí mi lọ́wọ́. Ohùn ẹ́ńjìnì yí padà, kò sì wálẹ̀. Ó dán. Gbígbọ̀n tó ti ń gbọ̀n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dáwọ́ dúró, ó ń lọ rẹ́mú bí ẹni tí wọ́n tú ìgbànú fún. Mo dé e padà, ó tún gbọ̀n. Mo ṣí i, ó dán. Inú mi dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tiẹ̀ dáa sí i."

Kò dáhùn. Mo rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti gé. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ jáde, jẹ́jẹ́, kò pariwo rárá.

"Àbúrò, ta ló fọwọ́ kan air flow yẹn?"

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìdérí ọ́ìlì lọ́wọ́. Ó jìnnà sí mi. Kò rí ọkọ̀ náà. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Etí lásán ló fi gbọ́ eyín mẹ́ta yẹn.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó yẹ kí ohun tó o ṣe yẹn dùn ún. Tìẹ ń dúpẹ́. Epo ti pọ̀ jù fún un, afẹ́fẹ́ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fún un ló ń bá a là á. Eyín mélòó?"

"Mẹ́ta."

"O fi àmì sí i?"

"Mo fi sí i."

"Dá a padà sójú àmì. Má wá nǹkan kan títí wàá fi dá a padà."

"Yóò tún burú o, ẹ̀gbọ́n."

"Jẹ́ kó burú. Tó bá burú, á sọ ibi tó ń dùn ún fún ẹ."

Ohun tí mo fi ń ṣe é

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò kan ọkọ̀ náà. Mo jókòó, mò ń ronú sí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n sọ.

Òṣùwọ̀n yẹn kò parọ́ fún mi lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ méje náà. Iye afẹ́fẹ́ tó rí ló ń sọ. Èmi ni mo rí i pé ohun tó ń sọ kò bá ohun tí mo fẹ́ mu, tí mo ṣí i láyà, tí mo sì kọ́ ọ ní irọ́ tó máa bo ihò kan tí mi ò tíì rí mọ́lẹ̀. Nígbà tí irọ́ náà sì ṣiṣẹ́ díẹ̀, mo pè é ní àtúnṣe. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ra tèmi, inú mi sì dùn sí i fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé irọ́ yẹn kò lè bo ihò náà dáadáa láé. Ihò kì í gba afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo. Bí ọkọ̀ bá dúró, díẹ̀ ló ń wọlé. Bó bá ń fà gidi, púpọ̀ ni. Eyín mẹ́ta sì dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí epo fi pọ̀ jù nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó sì tún kéré jù nígbà tí mo nílò rẹ̀ lójú òkè. Kò sí iye eyín tí ì bá tó. Ǹ bá yí i títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ìlà ìmọ́lẹ̀ nínú rọ́bà

Lọ́jọ́ kejì mo dá kẹ̀kẹ́ náà padà sójú ìlà tí mo fi abẹ́rẹ́ fà. Ọkọ̀ náà burú bí mo ṣe sọ. Ó ń gbọ̀n débi pé dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń jó. Mo mú họ́ọ̀sì kékeré kan tó gùn tó apá, mo fi ẹnu rẹ̀ kan sétí, mo ń fi ẹnu kejì rìn káàkiri ara ẹ́ńjìnì bí dókítà ṣe ń gbọ́ àyà. Ní ìdí nọ́sù, kò sí nǹkan kan. Ní ojú ibi tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti pàdé ẹ́ńjìnì, kò sí nǹkan kan. Mo ki ọwọ́ sábẹ́ ọ̀fun rọ́bà, níbi tí ojú kì í dé, mo sì gbọ́ ọ. "Ṣìììì." Bí ẹni tó ń pe èèyàn ní kọ̀rọ̀.

(Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dárí jì mí kí n sọ èyí: àwọn kan máa ń fi epo tàbí oògùn afẹ́fẹ́ tó ń gbaná fín ara ẹ́ńjìnì láti wá ibi tó ń jò. Ẹ má ṣe é. Ẹ́ńjìnì gbóná, iná púlọ́ọ̀gì wà nítòsí. Ẹ lè fẹ́ èéfín díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì ti kú, ibi tó bá ti rú jáde ni ihò wà. Tàbí kẹ́ ẹ lo họ́ọ̀sì àti etí yín bíi tèmi.)

Mo tú kílíìpù méjèèjì, mo yọ rọ́bà náà jáde. Mo yí i lọ yí i bọ̀ lójú oòrùn, mi ò rí nǹkan kan. Ó ní ìṣẹ́po mẹ́rin bí ọrùn ìjàpá. Mo pa iná ilé, mo ti ilẹ̀kùn, mo tan iná fóònù mi, mo sì tì í bọnú rọ́bà náà. Òkùnkùn ni. Mo wá mú orí kan nínú rẹ̀ mú, mo yí i lápá ọ̀tún díẹ̀, bí ẹ́ńjìnì ṣe máa ń yí i.

Ìlà ìmọ́lẹ̀ méjì là jáde nínú ìṣẹ́po kejì, ọ̀kan gùn bí èékánná àtàǹpàkò, èkejì kò tó bẹ́ẹ̀. Mo tú ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n padé, òkùnkùn padà. Mo yí i, wọ́n là. Mo tú u, wọ́n padé.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣùwọ̀n dúró gírí lára ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì jókòó lórí rọ́bà tirẹ̀, ó sì máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbàkigbà tó bá fẹ́ fa ọkọ̀ kúrò lójú kan. Ọ̀fun rọ́bà yìí ló ń gba fífì náà mọ́ra. Nítorí náà, àkókò tí mo bá tẹ tọ́tù gan-an ni ihò náà ń la ẹnu. Bí mo bá ti dúró kí n wá a, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹnu dé tán. Afẹ́fẹ́ kì í sì í jà láti gba ọ̀nà tó le. Ilẹ̀kùn òṣùwọ̀n ní sípíríǹgì tó ń dá a padà, ihò kò ní nǹkan kan. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Tèmi ti lanu, alángbá sì ti ń gba ibẹ̀ lọ gba ibẹ̀ bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje, nígbà tí mo ń bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jà pé kò ka àlejò pé.

Ìlà abẹ́rẹ́

Láti ìgbà náà, mo ti ń rí eyín mẹ́ta níbi púpọ̀ nínú ayé mi. Aago ògiri mi sáré síwájú ní ìṣẹ́jú 10, èmi ni mo fi í síbẹ̀, kí n má baà máa pẹ́. Mo ti mọ̀ pé ó sáré, nítorí náà mò ń yọ 10 kúrò lọ́kàn mi, mo sì ń pẹ́ bí mo ṣe ń pẹ́ tẹ́lẹ̀.

Èyí tó jù wọ́n lọ nìyí. Mo máa ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi nílé. Lọ́jọ́ kan nọ́ńbà òkè rẹ̀ jẹ́ 152. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn ni. Mo tún un wọ̀n, 149. Mo ní ohun tí wọ́n ń dè mọ́ apá yẹn ti fún jù. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta jẹ́ 138, ìyẹn ni mo kọ sínú ìwé tí mo máa mú lọ bá dókítà. Kì í ṣe pé ó burú láti tún un wọ̀n, àwọn dókítà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí n kọ sílẹ̀. Èmi kọ èyí tó wù mí, mo sì ju méjì tó kù nù. Lójú dókítà, 152 yẹn kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni mo rò pé ìyàtọ̀ wà, ó sì gba àkókò kó tó yé mi, torí mo kọ́kọ́ fẹ́ gbà pé kò yẹ ká tún òṣùwọ̀n kankan ṣe láé. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Sípíríǹgì máa ń rẹ̀ ní ogójì ọdún, ó sì lè di dandan pé kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yí kẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹ tún wo àwọn ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn tèmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1980, Bosch mú ilẹ̀kùn yẹn kúrò nínú LH-Jetronic, wọ́n fi wáyà kan tí iná ń mú gbóná rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá kọjá lára wáyà náà ń mú un tutù, iye iná tó gbà láti tún un mú gbóná ni wọ́n fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Wáyà náà kò lè rí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìnkùlé bí ilẹ̀kùn tèmi kò ṣe lè rí i. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ mìíràn wà nínú ọ̀nà èéfín tó ń gbóòórùn ohun tí ẹ́ńjìnì mí jáde, tó bá sì rí i pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fi kún un fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo fi eyín mẹ́ta ṣe gan-an ni ọkọ̀ òde òní ń ṣe lójoojúmọ́. Ó ń fi epo bo ihò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Iye tó fi kún un wà nínú ìrántí rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá so ẹ̀rọ ìyẹ̀wò mọ́ ọn á kà á, pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ni mo ń fi kún un. Bó bá sì kọjá ààlà, á tan iná sójú awakọ̀. Ó ń ṣàtúnṣe láìgbàgbé pé àtúnṣe ni.

Èmi náà ní ohun kan tó jọ ọ́, ìlà abẹ́rẹ́ yẹn. Ká ní mi ò fà á ni, mi ò ní mọ ibi tí òótọ́ wà mọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ní kí n dá a padà. Ǹ bá máa wá eyín tó tọ́ láàárín ọ̀pọ̀ eyín, lórí ọkọ̀ tó ní ihò, láìmọ èwo nínú àìsàn rẹ̀ ni tèmi, èwo ni tirẹ̀. Mo ti bá àwọn kan pàdé tí wọ́n ra ọkọ̀ báyìí lọ́wọ́ ẹni tó yí kẹ̀kẹ́ yẹn láìfi àmì sí i, tí ẹni yẹn náà sì rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ti yí i. Wọ́n ń wá ojú òótọ́ nínú irọ́ tí èèyàn mẹ́ta ti tò léra. Àánú wọn ń ṣe mí gan-an.

Mo ti dá aago ògiri padà. Inú ìwé ìfúnpá mi, mo kọ 152 àti 149 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 138, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Dókítà wò ó fún ìgbà pípẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ó kú

Rọ́bà tuntun náà dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó rọ̀, ó ń rùn bíi bàtà tuntun. Kí n tó fi í sí i, mo yẹ gbogbo ibi mìíràn tí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìnkùlé lè gbà wò: rọ́bà róbótó ìdí nọ́sù kọ̀ọ̀kan, họ́ọ̀sì tó ti inú ẹ́ńjìnì wá, rọ́bà ìdérí ọ́ìlì, títí kan ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, torí tí ìyẹn kò bá jókòó dáadáa, ihò ni òun náà. Mo fi rọ́bà tuntun sí i, mo de kílíìpù méjèèjì, mo tún fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí dúdú orí òṣùwọ̀n pa. Ìlà abẹ́rẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, ojú àmì sì pàdé ojú àmì.

Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa. Mo gun òkè, mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá. Kò dákẹ́. Mo padà wálé, mi ò pa á, mo pe ẹ̀gbọ́n, mo gbé fóònù sún mọ́ ọn bíi ti ìjelòó.

"Ṣí i," ló wí.

Mo yí ìdérí ọ́ìlì, mo gbé e kúrò. Ẹ́ńjìnì gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sì kú.

"Ó kú, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Dé e padà."

Mo dé e padà, mo yí kọ́kọ́rọ́.